A Ní Kérésì, A Ní Ìfẹ́: Ìwé Rẹ̀ Dà?

Ìtàn kan wà tí àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tún sọ lọ́dọọdún, tí kì í sì í sú àwọn òǹkàwé wọn. Ọmọbìnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá. Ó lówó lọ́wọ́, àmọ́ kò ráyè gbọ́ ti ara rẹ̀. Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀, ohun kan fà á padà sí ìlú kékeré tí wọ́n ti bí i: bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn ni o, ṣọ́ọ̀bù ìyá àgbà ló fẹ́ kógbá sílé ni o. Ibẹ̀ ló ti pàdé ọkùnrin kan tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, káfíńtà tàbí àgbẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé rí tàbí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ìjà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Yìnyín wá bo ojú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè jáde, ni ọ̀rọ̀ bá di èrò méjì nídìí iná. Nígbà tí yóò fi di alẹ́ ọdún, wọ́n ti fẹnu kora. Ọmọbìnrin náà kọ̀wé fi iṣẹ́ ìlú ńlá sílẹ̀, ó jókòó sílé. Ó bùṣe.

Ó rọrùn láti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ti ṣe é títí ó fi sú wọn. Síbẹ̀, a rí i lórí fóònù àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń ta ọjà ní Fájuyì ní Adó-Èkìtì àti ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Ìwòròkò, àwọn tí wọn kò fojú kan yìnyín rí. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: kí ni ìwé wọ̀nyí ń fún ni? Kí ló wà nílẹ̀ ní Èkìtì tó jọ ọ́? Kí ló dé tí irú rẹ̀ kò tíì di ọjà tí à ń rà lédè wa? Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ kọ ọ́, ibo ni kò gbọdọ̀ ti wo àwòkọ?

Bí ọjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Charles Dickens ló fi han àwọn oníwèé pé Kérésì ń tà. Ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá 1843 ni A Christmas Carol jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó sì máa fi di ìrọ̀lẹ́ Kérésì, ẹ̀dà 6,000 ti tán lórí igbá. Ìtàn ìfẹ́ kọ́ ni. Ìtàn ahun kan tó yí ìwà padà ni. Ogún tí Dickens fi sílẹ̀ fún àwọn tó tẹ̀lé e ni pé ọjọ́ kan wà nínú ọdún tí ọkàn tó le bí òkúta lè rọ̀, tí òǹkàwé kò sì ní béèrè ìdí.

Àwọn tó kó ìfẹ́ wọ inú ọjà náà dé lẹ́yìn. Mills & Boon bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1908. Harlequin bẹ̀rẹ̀ ní Winnipeg ní Kánádà ní 1949, ó sì ra Mills & Boon ní 1971. Àwọn wọ̀nyí ló sọ ìwé ìfẹ́ di ohun tó ń jáde lóṣooṣù, wọ́n sì so òfin kan mọ́ ọn tí òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ rú: dandan ni kí àwọn olólùfẹ́ fẹ́ra wọn nígbẹ̀yìn. Ẹni tó ra ìwé náà ti mọ ìparí rẹ̀ kó tó ṣí i. Ọ̀nà tí wọ́n máa gbà débẹ̀ ló ń sanwó fún.

Ní ogójì ọdún tó kọjá, ìlú kékeré wá di ìyàwó àkọ́fẹ́ irú ìtàn yìí. Debbie Macomber kọ Mrs. Miracle ní 1996, ìtàn obìnrin kan tó wá bá bàbá tí ìyàwó rẹ̀ ti kú tọ́jú ọmọ, tó sì jẹ́ áńgẹ́lì. Nígbà tó máa dá ìlú Cedar Cove sílẹ̀ nínú ìwé, Port Orchard ní ìpínlẹ̀ Washington, ìlú tó mọ̀ bí ẹni mowó, ló fi ṣe àwòṣe. Robyn Carr kọ A Virgin River Christmas ní 2008. Netflix sì sọ ìlú Virgin River náà di eré ní 2019. Ìkànnì tẹlifíṣọ̀n Hallmark ti ń ya odindi ìgbà Kérésì sọ́tọ̀ fún irú fíìmù bẹ́ẹ̀ láti 2009.

Tí a bá gbọn yìnyín dànù kúrò lára wọn, ohun mẹ́ta ló kù. Ẹnì kan ti àjò dé. Ìlú tó dé sí kò jẹ́ kó fi ohunkóhun pamọ́, torí gbogbo èèyàn ló mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ọjọ́ sì níye: ohun tí kò bá ṣẹlẹ̀ kí ìsinmi tó tán kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Èkìtì ní láti lọ yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Oṣù Kejìlá ní Adó

Adó kì í ṣe ìlú kékeré mọ́. Ó ti di olú-ìlú láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1996 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Òkèsà, kí ẹ tó dé Ìjìgbò wọ́n á ti gbọ́ pé ẹ dé, wọ́n á sì ti mọ̀ bóyá ẹ mú ẹnì kan dání. Ìyìn, Ìgèdè àti Ìlawẹ̀ kò tiẹ̀ ní jẹ́ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ tán.

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń rẹ̀ dànù, ńṣe ni Adó ń pààrọ̀ èèyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá àti ti Pólì á palẹ̀ ẹrù mọ́. Àwọn ọmọ bíbí ìlú á sì máa wọlé láti Èkó, Ìbàdàn, Àbújá àti òkè òkun. Ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ gba Ìkẹ́rẹ́ wọlé á fún pinpin. Mọ́tò tó ní nọ́ńbà Èkó á dúró síwájú ilé tí kọ́kọ́rọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ẹni tó ra mọ́tò náà àti ẹni tó yá a, ojú kan náà ni ìlú fi ń wò wọ́n títí ọdún á fi tán.

Ìdí wà tó fi jẹ́ Kérésì ló gba ipò yìí. Àwọn Ìjẹ̀bú ní Ojúde Ọba, tó ń tẹ̀lé Iléyá. Adó ní Ùdìrókò, Ìkẹ́rẹ́ ní Olósùnta, kò sì sí ìlú Èkìtì tí kò ní ọdún iṣu tirẹ̀. Àmọ́ ọdún ìbílẹ̀ kì í bá ìsinmi ọ́fíìsì dọ́gba. Ọ̀gá báńkì ní Èkó kò mọ ìgbà tí iṣu tuntun ń jáde. Kérésì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń tì pọ̀ fún. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ̀sìn Kírísítì ti ta gbòǹgbò níbẹ̀ pẹ́. Ní 1930 ni ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti Iléṣà dé Ẹ̀fọ̀n Alààyè, ní 1933 ni Archdeacon Henry Dallimore dá ilé ìwé tó di Christ's School sílẹ̀ ní Adó. Ilé ìwé ló kọ́ àwọn ọmọ Èkìtì débi tí wọ́n fi níṣẹ́ níbi tó jìnnà. Ṣọ́ọ̀ṣì ló fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n á fi padà wálé.

Àwọn tó dàgbà níbẹ̀ kí ìrẹsì tó di oúnjẹ ojoojúmọ́ kì í sọ̀rọ̀ Kérésì láì sọ̀rọ̀ ikùn. Iyán lọmọ Èkìtì ń jẹ látọdún dé ọdún. Ìrẹsì ni oúnjẹ ọdún, ìrẹsì Ìgbẹ́mọ sì lọ̀gá rẹ̀, èyí tí wọ́n ń gbìn sílẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀, tí ìyá á jókòó tì í láti fẹ́ òkúta kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ti ń sin adìẹ náà láti oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ ti sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀kan nínú wọn á sì sunkún láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá pa á, kó tó wá béèrè itan rẹ̀.

Aṣọ ọdún ńkọ́? Télọ̀ ti gba aṣọ lọ́wọ́ gbogbo àdúgbò, kò sì lè rán ìdajì rẹ̀. Òru ọjọ́ 24 làwọn ọmọ máa ń sùn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀rọ á máa dún, ọyẹ́ á máa bù wọ́n létè. Ìyá á ra bàtà tó fi nọ́ńbà méjì tóbi ju ẹsẹ̀ lọ kó lè di ọdún tó ń bọ̀. Gíláàsì onírọ́bà dúdú á wà lójú, bángà á máa dún lẹ́yìn ilé, àgbà kan á máa ṣépè. Wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn ọmọ á sì fi ìyókù kọ́ ahéré tiwọn síta. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwo ìrẹsì á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ilé dé ilé. Èyí tó bá lọ sílé àwọn Mùsùlùmí kì í sọnù: bó bá di Iléyá, ẹran á gba ọ̀nà kan náà padà.

Orin náà ní tirẹ̀. Lọ́jà Bísí, kí ẹnikẹ́ni tó rántí kàlẹ́ńdà, orin Ọdún Ń Lọ Sópin tí ẹgbẹ́ Good Women Choir ti ìjọ C.A.C. ní Ìbàdàn gbé jáde láti ọdún gbọọrọ á ti máa dún lẹ́nu ẹ̀rọ àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì nígbà náà, lórí fóònù nísinsìnyí. Ìdàpọ̀ ayọ̀ àti ìfòyà tó wà nínú rẹ̀, pé ọdún ti dé àti pé ọdún ti lọ, ni Kérésì Èkìtì gan-an.

Ìfẹ́ wọ inú gbogbo èyí láì kan ilẹ̀kùn. Sátidé tó bá sún mọ́ Kérésì ni ọjọ́ ìgbéyàwó, torí ẹbí ti pé, kò sí pé à ń san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣọ́ọ̀ṣì á ti kéde orúkọ tọkọtaya ní Sunday mẹ́ta. Níbi ìgbéyàwó ẹnì kan ni wọ́n ti ń rí ìyàwó ẹlòmíràn: ọmọge tó ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ̀gbọ́n ọkọ tó ti Àbújá dé, ìyá méjì tó ń wo àwọn méjèèjì látòkèèrè tí wọ́n ti ń ṣírò ìdílé. Ní ìrọ̀lẹ́ orin ìbí Jésù, ẹni tó ń kọ ohùn kejì á gbójú sókè, á rí ẹni tí wọ́n jọ kọrin níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kíláàsì kẹta. Lọ́jọ́ ìlú, tí àwọn ọmọ ìlú ń dáwó fún gbọ̀ngàn tàbí iná, ẹni tó dáwó jù kọ́ ni àwọn ọmọbìnrin ń wò jù.

Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ìbéèrè tí ìyá ti ń gbé kiri nínú láti ọjọ́ kìíní á jáde níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀fọ́: «Ìwọ ńkọ́?» Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ìwé Yorùbá fi ìfẹ́ ṣe

Kì í ṣe pé ìwé Yorùbá kò mọ ìfẹ́. Ìtàn àròsọ wa àkọ́kọ́ pàápàá, Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá, tí I. B. Thomas ń tẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930, ìtàn ọkùnrin àti obìnrin ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ ọ́ ti darúgbó, àìsàn ti sọ ọ́ di èrò orí ẹní, ó ń kábàámọ̀ ayé tó jẹ. Ìfẹ́ ti di ìkìlọ̀ kó tó dé etí wa.

D. O. Fágúnwà fún ìfẹ́ láyè ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rántí lọ. Àwọn iwin àti igbó ni a mọ̀ ọ́n mọ́, àmọ́ nínú Àdììtú Olódùmarè, tó jáde ní 1961, Àdììtú àti Ìyùnadé ń kọ lẹ́tà síra wọn, lẹ́tà tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà fi kọ́ bí a ṣe ń kọ tiwọn. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló wá gbé ìfẹ́ sí àárín gbùngbùn ìwé pátápátá. Nínú Ó Le Kú, tó jáde ní 1974, Àjàní jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ fẹ́ rí ìyàwó, obìnrin mẹ́ta sì wà nílẹ̀. Ìwé náà dùn, ó pani lẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹkún parí. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, aṣọ tí wọ́n wọ̀ nínú rẹ̀ di àrà tí àwọn ọmọge ń dá, ohun tó fi hàn pé ebi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ń pa ìlú.

Ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ìwé wọ̀nyí ni Atọ́ka wà, ìwé ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, tó ń fi fọ́tò sọ ìtàn àwọn eré orí ìtàgé: orogún, ọ̀dàlẹ̀, ọmọ tó sọnù, ìfẹ́ tí ẹbí kọ̀. Àwọn tí kò ní ka ìwé ńlá láéláé kà á. Tí à bá ní kí á wá ibi tí ìwé ìfẹ́ olówó pọ́ọ́kú Yorùbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni.

Kí ló wá dí i lọ́nà? Ohun méjì ló hàn. Àkọ́kọ́ ni ọjà. Ilé ìwé ló ń ra ìwé Yorùbá. Ìwé tí wọn kò bá yàn fún ìdánwò, ó ṣòro kó rí ẹni tún un tẹ̀. Ìwé tí tíṣà máa kà sí etí kíláàsì kò sì lè jẹ́ adùn lásán; ó gbọdọ̀ ní ẹ̀kọ́, ìfẹ́ tó bá sì ní ẹ̀kọ́ lédè wa, ìyà ló sábà máa ń jẹ kó tó kọ́ ọ. Èkejì ni pé àwọn òǹkọ̀wé wa gbà pé ìlú ńlá ni ìfẹ́ ń gbé. Ìbàdàn, Èkó, ọgbà yunifásítì: ibẹ̀ ni ọkùnrin àti obìnrin ti ń bára wọn pàdé láìsí ẹbí lẹ́yìn wọn. Ìlú kékeré jẹ́ ibi tí ìyá wà, ibi tí lẹ́tà ìbínú ti ń wá. Kò sẹ́ni tó ronú pé ó lè jẹ́ ibi tí ìfẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa

Àwọn aládùúgbò wa kò dúró de ilé ìwé. Ní Oníṣà, láti nǹkan bí 1947 títí dé ogun abẹ́lé, ìwé kékeré nípa ìfẹ́ ń jáde bí ẹni ń din àkàrà, lédè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn olùkọ́ ń bínú sí, tí àwọn oníṣòwò àti ọmọ ilé ìwé ń rà. Àwọn Hausa ṣe é lédè tiwọn. Hafsatu Ahmad Abdulwahid gbé So Aljannar Duniya jáde ní 1980. Nígbà tó fi di 1990 tí Balaraba Ramat Yakubu kọ Alhaki Kuykuyo Ne, àwọn obìnrin Kánò ti ń kọ, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n sì ń tà á fúnra wọn lọ́jà. Kì í ṣe ìfẹ́ òyìnbó ni wọ́n kọ. Ìfipá mú ọmọ lọ́kọ, orogún, ọkọ tó kọ ìyàwó lálẹ́ kan ṣoṣo: ohun tó wà nínú yàrá wọn ni. Inú bí àwọn kan débi pé wọ́n dáná sun ìwé wọ̀nyí ní gbangba ní Kánò ní 2007. A kì í dáná sun ohun tí kò sẹ́ni tó ń kà.

Lédè Gẹ̀ẹ́sì, Macmillan bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé Pacesetters ní 1977, Helen Ovbiagele sì wà lára àwọn tó fi ìfẹ́ sínú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2014 ni ilé iṣẹ́ Cassava Republic dá Ankara Press sílẹ̀ fún ìwé ìfẹ́ ọmọ Áfíríkà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e wọ́n kó ìtàn ìfẹ́ jọ fún ọjọ́ àwọn olólùfẹ́, wọ́n sì túmọ̀ wọn sí èdè ilẹ̀ wa, Yorùbá wà níbẹ̀. Ó dára. Àmọ́ èyí tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá yàtọ̀ sí èyí tó ti inú Yorùbá wá.

Fíìmù ló ti gba Kérésì mú jù. A Tribe Called Judah tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2023 ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa bílíọ̀nù kan náírà nílé sinimá. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọdún ni owó wà. Nínú A Naija Christmas tí Kúnlé Afọláyan darí fún Netflix ní 2021, ìyá kan ṣèlérí ilé fún èyí tó bá kọ́kọ́ gbéyàwó nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta. Ìbéèrè ibi ẹ̀fọ́ náà ni, wọ́n kàn gbé e wọ ilé ńlá ni. Ní 2024, Christmas in Lagos tẹ̀lé e lórí Prime Video. Ẹ ṣàkíyèsí pé gbogbo kámẹ́rà ló kọjú sí Èkó lóṣù tí ọ̀pọ̀ ará Èkó kò sí ní Èkó. Àwọn tó wà lọ́nà Àkúrẹ́ sí Adó kò sí nínú àwòrán náà.

Ọjọ́ kejì oṣù Kìíní

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé náà fún wa á kọ́kọ́ rò pé kí òun gbé ìtàn Amẹ́ríkà, kí òun fi ọyẹ́ rọ́pò yìnyín, kí òun fi ìrẹsì Ìgbẹ́mọ rọ́pò bisikíìtì, ó tán. Kò ní tán. Ìparí ni kò ní bá wa mu.

Nínú ìwé wọn, ìlú kékeré ló ń borí. Ọmọbìnrin náà jókòó sílé, òǹkàwé mí kanlẹ̀. Ní Èkìtì, ọmọbìnrin tó bá kọ̀wé fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ ní Èkó nítorí ọkùnrin tó rí ní Ìjìgbò lọ́jọ́ Kérésì, ìyá rẹ̀ kò ní sunkún ayọ̀; ilé pásítọ̀ ló máa gbà lọ. Iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ olùkọ́ ni Adó fi ń jẹun, kò sì tó yí gbogbo ọmọ rẹ̀ ká. Ilé tí wọ́n wá sùn fún ọdún, owó Èkó ló kọ́ ọ. Ẹni tó bá ní kí wọ́n má padà ń wó òrùlé lórí ara rẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní, mọ́tò á kún fún iṣu, ẹ̀lùbọ́ àti epo, ìlú á sì tún dákẹ́ títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á fi wọlé.

Ibi tí ìtàn ìfẹ́ Kérésì tiwa ti yàtọ̀ nìyẹn. Òkè wọn ni kí ẹni méjì dúró síbì kan. Òkè tiwa ni kí ẹni méjì pínyà kí ọ̀rọ̀ wọn má sì bàjẹ́. Ó wá nira jù báyìí tí òkè òkun ti wọ inú rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láyè mọ́ láti kó ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Ẹ fojú inú wo tọkọtaya tí wọ́n ṣègbéyàwó ní Sátidé ọdún, tí ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà ní kíláàsì ní Leicester nígbà tí oṣù bá dé ìdajì. Kò sí yìnyín tó lè dá wọn dúró pọ̀ sójú kan. Bí òǹkọ̀wé bá lè mú wa gbà pé àwọn méjèèjì á yege, kò sẹ́ni tó máa pe ayọ̀ rẹ̀ ní ayọ̀ olówó pọ́ọ́kú.

Ohun kejì tí kò gbọdọ̀ wò kọ ni pé ìfẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni méjì. Lọ́dọ̀ wa, alárinà wà, ìwádìí wà, ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Òǹkọ̀wé tó bá kó ẹbí dànù kí àwọn olólùfẹ́ lè ráyè ti ju idà rẹ̀ tó mú jù sílẹ̀. Àǹtí tó fi àwo ìrẹsì rán ọmọge sílé kejì, tó mọ̀ dájú ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn, kò nílò kí a sọ ọ́ di áńgẹ́lì.

Ohun kẹta kan ìrántí. Ìrántí ọdún máa ń ṣojúsàájú. Ó rántí adùn ọbẹ̀, kò rántí ẹni tó jí ní aago mẹ́rin láti gún iyán fún ogún àlejò, tí kò sì débi orin. Ó rántí ẹni tó gbé mọ́tò wálé. Ọmọ tí kò rówó wálé, tó fi iṣẹ́ kẹ́wọ́ lórí fóònù, tó gbàdúrà kí ìyá rẹ̀ má béèrè jù bẹ́ẹ̀, kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀nà pàápàá ti ní ẹ̀rù tirẹ̀: ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2024, wọ́n pa ọba Èkìtì méjì lọ́nà nígbà tí wọ́n ń ti ìpàdé bọ̀, wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé ìwé gbé ní Ẹ̀mùrẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Láti ìgbà náà, «Ẹ ti dé ibo?» tí ìyá ń béèrè lórí fóònù ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìwé ìfẹ́ kò ní láti di ìwé ìròyìn, àmọ́ ìdẹ̀ra ọkàn tí a ń ní nígbà tí mọ́tò bá yà wọ àgbàlá kò ní nítumọ̀ bí a kò bá mọ ohun tó kọjá lọ́nà.

Adó tiẹ̀ ti ní òṣùwọ̀n tó lè fi wọn ìfẹ́. Orúkọ tí àdúgbò Fájuyì ń jẹ́, orúkọ Adékúnlé Fájuyì ni, gómìnà ológun, ọmọ Adó tí wọ́n pa pẹ̀lú Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba Nàìjíríà tó jẹ́ àlejò rẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1966. Ohun tí Adó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó kọ̀ láti fi àlejò sílẹ̀. Ìlú tó gbé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ga kò lè gbà pé ìfẹnukora nídìí igi Kérésì ti tó ẹ̀rí. Ohun tí òǹkàwé ibẹ̀ máa béèrè ni pé: ta ló dúró ti ẹnìkejì rẹ̀ nígbà tí dídúró náà le?

Àwọn tó ní kò yẹ

Àwọn kan á ní ìwé tó ń fi dandan parí pẹ̀lú ayọ̀, irọ́ ló ń pa. Àlọ́ wa ti ń parí pẹ̀lú ayọ̀ kí Harlequin tó dáyé, kò sẹ́ni tó pe ìyá àgbà ní òpùrọ́. Àwọn mìíràn á ní àlejò ni Kérésì lọ́dọ̀ wa. Àlejò tó ti fẹ́yàwó nínú ilé, tó ti bímọ, tó ti ń jẹ ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, a ò lè máa bi í léèrè ìgbà tó máa lọ mọ́.

Èyí tó wúwo jù ni àwọn tó ní kò sẹ́ni tó ń ka Yorùbá mọ́. Ó jẹ́ òótọ́ pé ìwé olójú-ewé 300 tó ń dúró de ìdánwò kò ní rí òǹkàwé. Ṣùgbọ́n Atọ́ka rí wọn, ìwé àwọn obìnrin Kánò rí àwọn tiwọn, fíìmù Yorùbá kò sì tíì pàdánù wọn rí. Ìwé tí a lè kà tán láàárín Èkó sí Adó, tí owó rẹ̀ jẹ́ pọ́ọ́kú, tó ní ohùn tí a lè gbọ́ lórí fóònù fún ìyá tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tí wọ́n ń tà ní gáréèjì àti lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti ìparí oṣù Kọkànlá: ìyẹn kò tíì sí lọ́jà láti mọ̀ bóyá kò ní tà. Kí àwọn ìyá inú rẹ̀ sọ ẹ̀ka èdè Èkìtì, kí àwọn ọmọ tó ti Èkó dé máa dá a sọ tí wọ́n á máa ṣì í. Ìjà àti ẹ̀rín ti wà nínú ìyẹn nìkan.

Èkìtì fẹ́ràn láti máa yangàn pé kò sí ilé tí kò ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ti kọ ìtàn ogun, ó ti kọ gírámà, Níyì Ọ̀ṣúndáre ọmọ Ìkẹ́rẹ́ sì ti gbé òkè àti oko ibẹ̀ wọ inú ewì tí ayé ń kà. Ìfẹ́ ló kù tí a fi sílẹ̀ fún àwọn ará Washington. Mo gbà pé kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ló máa kọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń bi ní «Ìwọ ńkọ́?» lọ́dọọdún ni, èyí tó mọ ìdáhùn tó pa mọ́ fún ìyá rẹ̀. Kí ó bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá wù ú, kó ṣáà rántí pé ìwé rẹ̀ kò gbọdọ̀ parí lálẹ́ Kérésì. Kí ó gbé wa dé ọjọ́ kejì oṣù Kìíní, nígbà tí awakọ̀ bá ní kí èrò wọlé, kó sì sọ ohun tí wọ́n ṣèlérí fún ara wọn àti ohun tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ní oṣù Kejì.